Ẹ Kú Ìjókòó

Aago mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé ìdí kànga ẹlẹ́rọ kan ní Kubwa, ìlú tí mo ń gbé létí Àbújá, lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejì ọdún 2014. Ọyẹ́ kò tíì lọ tán, ìborùn ni mo fi wé etí. Mo gbé àga oníke kékeré kan dání. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta wà nínú àpò mi, gègé mẹ́rin, àti fóònù tí mo fẹ́ máa fi wo aago. Àwọn ọkùnrin tó ń fi ọmọlańkẹ́ ta omi ti tò lọ rẹrẹ níwájú ẹ̀rọ. Mo ní "Sannu" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, mo fi àga mi síbi tí mo ti lè máa rí wọn láì dí wọn lọ́wọ́, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ilé iṣẹ́ kan nínú ìgboro Àbújá ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Wọ́n fẹ́ yá àwọn olómi wọ̀nyí, tí Haúsá ń pè ní mai ruwa, lówó tí wọn yóò fi ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní táńkì lẹ́yìn, kí wọ́n lè ṣíwọ́ fífi àyà ti ọmọlańkẹ́. Èrò tó dára ni, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ mi kò ju ẹyọ kan lọ: nínú wákàtí ojúmọ́ mai ruwa, mélòó ló fi ń ṣiṣẹ́, mélòó ló ń fi ṣòfò?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí fún ẹni tí kò bá gbé apá ibí rí. Irin gígùn tí wọ́n gbé ka táyà méjì ni ọmọlańkẹ́ náà. Ó ń gba kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan sì ń gba omi lítà 25. Lítà omi kan, kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá wá jẹ́ kílò 250, àpò sìmẹ́ǹtì márùn-ún géérégé, láì tíì ka irin ọmọlańkẹ́ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹyọ ènìyàn kan ló ń tì í gòkè, nínú kòtò àti òkúta. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà, yóò tún gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ́kọ̀ọ̀kan wọlé, yóò gun àtẹ̀gùn bí ilé bá jẹ́ alájà, kó tó dà á sínú dúrọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà ni yóò padà wá tò.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kà wọ́n. Kí n tó dé láàárọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í sì í mí títí di aago mẹ́wàá ààbọ̀. Tó bá wá di nǹkan bí aago mọ́kànlá, wọn a ti ọmọlańkẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kànga, wọn a jókòó. Àwọn mìíràn a nà gbalaja. Wọn a mu kúnú, wọn a kírun ọ̀sán, wọn a tún padà sórí ìjókòó. Ó di ìgbà tí wọ́n bá kírun Làásárì tán kí omi tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, yóò sì rìn wọ alẹ́. Mo fa ìlà sójú ìwé mi, wákàtí iṣẹ́ níhìn-ín, wákàtí ìjókòó lásán lọ́hùn-ún. "Ìjókòó lásán" ni mo kọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wọn, tó dà bí ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ti ọmọlańkẹ́ òfìfo bọ̀ láti òkè. Òógùn ti lẹ ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró, ó wò mí lórí àga mi, ó ní, "Sannu da hutawa, Malama." Kaduna ni wọ́n ti bí mi, bí mo ṣe gbọ́ Yorùbá ni mo ṣe gbọ́ Haúsá. Ẹni tó ń sinmi ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀. "Ẹ kú ìsinmi" tiwa gan-an ni. Ká ní ó rí i pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe ni, "sannu da aiki" ni ì bá sọ. Mo dáhùn pé "Yauwa, sannu," ṣùgbọ́n ó bí mi nínú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ń ro mí, ìka ń dùn mí, ojú mi kò kúrò lára wọn. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe! Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí etí ìwé, mo ṣí ojú ewé tuntun, mo ń kà lọ.

Ojú ewé 21 ni àbọ̀ ìwádìí tí mo kọ fún wọn. Wọ́n gbóríyìn fún mi. Nínú oṣù Kẹrin, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ dé. Wọ́n pín òpópónà fún àwọn tó gbà á, ẹnìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdúgbò tirẹ̀, kí wọ́n wà lórí kẹ̀kẹ́ láti aago méje àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì máa san díẹ̀díẹ̀ nínú gbèsè náà lójoojúmọ́. Orúkọ ẹni tó yáwó ló wà lórí kẹ̀kẹ́, kò sì gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Nígbà tí òjò fi máa rọ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dá kẹ̀kẹ́ padà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, kò ku ẹyọ kan lójú títì, ọmọlańkẹ́ ti padà.

Wọ́n pè wá sí ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ní, "Àwọn ènìyàn yìí ò kàn fẹ́ràn iṣẹ́ ni." Ó ṣí àbọ̀ ìwádìí mi síbi tí mo ti kọ "ìjókòó lásán", ó sì fi ìka lù ú. N kò lè jiyàn. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu.

Ní Iléyá ọdún yẹn, mo lọ kí màmá mi ní Kaduna. Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá wọn dé òkè ọya nígbà láéláé, Kaduna ni wọ́n sì ti ń dirí fún ènìyàn láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún wọn bí ó ṣe ń dùn mí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Kí lo kí wọn nígbà tí wọ́n jókòó?"

Mo ní n kò kí wọn. Mò ń kọ̀wé.

"O bá ènìyàn níbi tó jókòó sí, o ò kí i kú ìjókòó, o wá jókòó tì í, o ń ka ìjókòó rẹ̀?"

Wọn kò pariwo. Irun ọmọ kan wà níwájú wọn, wọ́n padà sí ìdí irun náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi padà sí Àbújá. Mo ti lo ọdún mẹ́rin ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Anthropology, ẹ̀kọ́ nípa bí ọmọ ènìyàn ṣe ń gbé ayé pọ̀, mo tún ṣe méjì lé e. Kò sí ibi tí wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè tó mú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí ìkíni iṣẹ́ ṣe rí ní ilé màmá mi nìkan. Ẹni tó bá wọlé tó bá wọn nídìí irun kì í kàn sọ pé ẹ kú iṣẹ́. "Ojú gbooro o" ni, àwọn náà á dáhùn pé "Òòyà á yà o." Bí ẹni náà bá kọjá lọ bá ọlọ́jà nídìí igbá, "ajé á wọgbá" ni. Aláró nídìí ìkòkò aró, "àrẹ̀dú o". Ẹlẹ́mu tó wà lókè ọ̀pẹ, "igbà á rọ̀ o". Ọlọ́kọ̀, "ọkọ̀ á rẹ́fọ̀". Ẹni tó dá àwọn ìkíni wọ̀nyí sílẹ̀ ti dúró wo iṣẹ́ dáadáa kó tó lahùn. Ó ti mọ̀ pé ojú irun ni onídìrí ń wá, pé igbà ni ẹ̀mí ẹlẹ́mu rọ̀ mọ́. Ìwádìí ni wọ́n ṣe, wọ́n sì kó àbọ̀ rẹ̀ sínú ìkíni kí ọmọdé lè máa kọ́ ọ láti ẹnu. Ibi tó sì kàn mí jù ni pé wọn kò dúró síbi iṣẹ́ tó hàn sójú. Wọ́n kí ìjókòó, wọ́n kí ìdúró, wọ́n kí ìsinmi, wọ́n kí ìnàjú. Ẹni tó ń kí ọ kú ìjókòó ń sọ fún ọ pé òun rí i pé nǹkan kan ni ò ń ṣe. Láti kékeré ni mo ti ń sọ gbólóhùn yẹn. N kò gbọ́ ohun tó ń wí rí.

Oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò lọ, mo padà sí ìdí kànga náà. Ẹnikẹ́ni kò rán mi lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin kì í ṣàdédé lọ jókòó sáàárín ọkùnrin lábẹ́ igi lápá ibí, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá kan, ọmọ ẹ̀yà Gbagyi, tó ń ta kúnú létí igi náà ni mo lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa bá òun fọ abọ́. Ó ní kí n jókòó. Nígbà tó di aago mọ́kànlá tí àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọlańkẹ́ wọ òjìji, mo dojú kọ wọ́n, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, mo ní, "Sannunku da hutawa." Bàbá tó kí mi nínú oṣù Kejì wà níbẹ̀. Ó dá mi mọ̀. Ó dáhùn, ó béèrè ilé, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ara, ó sì yí ọmọlańkẹ́ rẹ̀ kí òjìji lè kàn mí.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi jókòó níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ kan, láì mú ìwé lọ. Alẹ́ ni mo ń kọ ohun tí mo bá rántí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí, ó yẹ kí n ti rí i látìgbà tí mo ti ń gbé Kubwa: kò sí ẹni tí yóò ra omi lọ́sàn-án. Kubwa jẹ́ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jí lọ síbi iṣẹ́ nínú ìgboro. Wọ́n ti wọkọ̀ lọ kó tó di aago méje, wọn kò sì ní dé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òwúrọ̀ kùtù tí wọ́n fẹ́ wẹ̀ àti ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fẹ́ dáná ni omi ń tà. Ilé iṣẹ́ yẹn wá ní kí ènìyàn wà lórí kẹ̀kẹ́ láti aago méje sí márùn-ún, kó máa sun epo káàkiri ilé tí wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ tì. Èmi tí mo kọ àbọ̀ ìwádìí náà, n kì í sí nílé lọ́sàn-án. Mo mọ̀ pé dúrọ́ọ̀mù tèmi kì í kún láàárín ìgbà yẹn.

Ìkejì gba sùúrù. Ọ̀pọ̀ àwọn mai ruwa wọ̀nyí kì í gbé Àbújá títí ọdún fi ń yí. Àgbẹ̀ ni wọ́n, láti Katsina, láti Jigawa, láti Kano. Bí ìkórè bá parí, tí ilẹ̀ gbẹ, wọn a sọ̀ kalẹ̀ wá síhà gúúsù wá iṣẹ́. Haúsá ń pè é ní cin rani. Bí mo bá ní kí n fi Yorùbá sọ ọ́ bó ṣe wà, jíjẹ ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bí òjò bá tún rọ̀ nílé, wọn a padà lọ gbin jéró àti ọkà bàbà. Nígbà náà, ọmọlańkẹ́ a bọ́ sọ́wọ́ àbúrò, tàbí ọ̀rẹ́, tàbí ọmọ ìlú kan náà tí oko tirẹ̀ kò tíì yá. Ìdí nìyí tí kẹ̀kẹ́ orúkọ-ẹnìkan-ṣoṣo fi kú nínú òjò. Wọn kò sá fún iṣẹ́ o. Iṣẹ́ kejì ló ń pè wọ́n, ẹni tó kọ òfin náà kò sì bi wọ́n bóyá iṣẹ́ kejì wà.

Ìjókòó ọ̀sán ni wọ́n fi ń pèsè fún ìgbà tí ọwọ́ yóò yí yẹn. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í sanwó omi lójú ẹsẹ̀. Mai ruwa a da omi, a fi èédú fa ilà sára ògiri ilé oníbàárà, ó di ìparí oṣù. Lábẹ́ igi náà, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ògiri Kubwa fún ara wọn látorí. Ilé onígéètì búlúù, ilà mẹ́sàn-án, ọkọ ló ń san, má béèrè lọ́wọ́ ìyàwó. Ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, ajá ibẹ̀ ń gé ènìyàn jẹ. Ilé bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ máa fa ilà ṣùgbọ́n ẹ má béèrè títí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò fi dé. Ọmọ tuntun tó dé láti abúlé lánàá jókòó sáàárín wọn, ó ń tún un sọ lẹ́yìn wọn bí ọmọ ilé kéwú. Bí ó bá ṣì í, wọn a tún un sọ fún un. Nígbà tí ilé iṣẹ́ yẹn pín òpópónà, wọ́n já gbogbo okùn yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó mọ ìhà ìlà oòrùn bọ́ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, níbi tí kò ti mọ ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tí wọn kò sì mọ òun náà. Ta ni yóò jẹ́ kó fa ilà sára ògiri òun?

Owó tún ń yí ọwọ́ lábẹ́ igi náà. Nínú ìwé mi ti oṣù Kejì, mo ti kọ "tẹ́tẹ́" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè, nítorí mo rí owó tó ń bọ́ sínú fìlà láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Adashi ni. Àjọ tiwa, èsúsú tiwa, kò fi ibi kankan yàtọ̀: gbogbo wọn ń dá iye kan lójoojúmọ́, ẹnì kan ń kó o lọ́sẹ̀. Ó dùn mí gidi, nítorí mo ti jókòó ìdánwò lórí èsúsú rí. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ nípa rẹ̀ ní 1952, a sì kà á ní Ìbàdàn. Mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé. Mo wá bá a lójúkojú lábẹ́ igi máńgòrò, mo pè é ní tẹ́tẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti "ìjà". Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú oṣù Kejì pé ọmọ Kano kan àti ọmọ Zaria kan ń jà. Wọ́n ń pe ara wọn ní ẹrú, ní alájẹkì, ní olè. Ìyá oníkúnú ló ṣàlàyé fún mi pé abokin wasa ni wọ́n, ọ̀rẹ́ eré. Láàárín ará Kano àti ará Zaria, bẹ́ẹ̀ sì ni láàárín Fúlàní àti Barebari, ìyẹn àwọn Kanuri, ẹ̀fẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bínú sí. Radcliffe-Brown, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ní 1940, mo sì ti kà á. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò rí nínú ìwé ni ohun tí wọ́n ń fi í ṣe níbẹ̀. Ọmọ Zaria náà jẹ adashi ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn yòókù kò lè bi í léèrè, nítorí kunya, ìtìjú tó máa ń wà láàárín àwọn tó bọ̀wọ̀ fún ara wọn. Àwọn tí wọ́n jọ wá láti ìlú kan náà gan-an ni kò lè sọ ọ́ jù. Ọmọ Kano ló kígbe mọ́ ọn pé, ẹrú bàbá mi, o ti jẹ owó wa tán, kí a tà ọ́ ni àbí kí a fi ọ́ ti ọmọlańkẹ́? Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì sanwó kí wọ́n tó dìde kírun. Kò sí ojú tó tì í. Èébú ló gba owó náà láìfọ́ igbá.

N kò ní kí a má ka nǹkan o. Ṣebí kíkà ló jẹ́ kí n mọ kílò 250 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀. Ara tó ti tì í láti ìdájí gbọ́dọ̀ jókòó nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn Àbújá, bí kò bá fẹ́ kú. Ohun tí mo ń bínú sí nínú àbọ̀ ìwádìí mi ni pé mo fún ìjókòó wọn lórúkọ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ní ilé iṣẹ́ tó rán mi, a máa ń péjọ ní aago mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Ajé. Wọn a gbé tíì wá. A ó kí ara wa, a ó béèrè ẹni tó bímọ, a ó bá ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn kẹ́dùn, a ó sì rọra mọ ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé wa àti ẹni tí kò ní fọwọ́ sí i. Aago méjìlá máa ń lù kí a tó dìde. Iṣẹ́ gidi ni ìjókòó yẹn, mo ti rí ohun tó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ tí a kò bá jókòó. Ìpàdé là ń pè é, wọ́n ń san owó ọkọ̀ fún wa nítorí rẹ̀. Ìjókòó kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Aṣọ tí a wọ̀ sọ́rùn àti àga tí a fi ìdí lé ló yàtọ̀, èmi sì kọ "iṣẹ́" síwájú ọ̀kan, mo kọ "lásán" síwájú ìkejì.

Ìyá oníkúnú náà tún ṣí ojú mi sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èjìká ló ń fi gbé garawá kúnú rẹ̀ wá láàárọ̀, ọwọ́ kan lókè, ọrùn rẹ̀ a tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo obìnrin Gbagyi ni a mọ̀ mọ́ èyí. Àwọn ni wọ́n ni ilẹ̀ yìí pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà mìíràn kí ìgbìmọ̀ Onídàájọ́ Akínọlá Àgúdà, ọmọ Àkúrẹ́ tiwa, tó yan ibí yìí ní 1975, kí òfin ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1976 tó sọ ọ́ di ilẹ̀ olú ìlú. Ìyá náà sọ fún mi pé àárín ìgboro ni wọ́n ti bí òun, wọ́n kó wọn kúrò níbẹ̀ wá sí Kubwa. Mo bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi ń ru ẹrù lórí. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. Ó ní orí ni ọba ara, a kì í di ẹrù lé ọba.

Mo ronú sí i títí. Àwa Yorùbá ń bọ orí. A ń sọ pé orí ẹni làwúre ẹni. Síbẹ̀ òṣùká la kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọdé láti wé, kó lè di ẹrù lé orí kan náà. N kò rò pé ọ̀kan nínú wa ló ṣì í. Mo gbìyànjú láti gbé garawá rẹ̀ lé èjìká lọ́jọ́ kan, láti ibi igi dé ojú títì. Kò dé. Èjìká mi kò ní àyè tí yóò jókòó sí, ọrùn mi ń tẹ̀ síbi tí kò yẹ. Marcel Mauss, ará Faransé, sọ̀rọ̀ kan ní 1934 nípa bí ara ṣe ń kọ́ àṣà. Ó ní nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí òun wà láàárín wọn kò lè fi ṣọ́bìrì Faransé gbẹ́ ilẹ̀, débi pé ṣọ́bìrì 8,000 ni wọ́n ń pààrọ̀ nígbàkúùgbà tí ikọ̀ wọn bá gba ipò lọ́wọ́ ikọ̀ Faransé. Ènìyàn tó lágbára ni wọ́n, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbẹ́, ìyá tó bí wọn ni kò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo gbé garawá kúnú sílẹ̀ lẹ́bàá títì, mo rí i pé bí ilé iṣẹ́ kan bá wá wo mí nísinsìnyí, tó sì ń ka ìṣẹ́jú, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin yìí kò lè ṣiṣẹ́.

Mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ náà nínú oṣù Kejì ọdún 2015. Mo ní kí wọ́n yọ ojú ewé tí ọ̀rọ̀ ìjókòó wà kúrò, mo sì kọ ohun tí mo ti rí ní ọ̀nà ẹ̀rọ̀. Wọn kò dá mi lóhùn. Kẹ̀kẹ́ wọ̀nyẹn ti lọ sí ibòmíràn nígbà yẹn.

Nínú oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn òjò ńlá méjì, bàbá olómi kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó ti di oníbàárà mi látìgbà tí mo ti ń jókòó lábẹ́ igi, tàbí kí n sọ pé èmi ni mo di oníbàárà rẹ̀. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan dání, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òjò ti rọ̀ ní Katsina, òun ń lọ gbin jéró. A kí ara wa tán, ó wá yíjú sí ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà mí fún un, èmi náà dúró níbẹ̀.

Ó ní, obìnrin yìí kì í sí nílé lọ́sàn-án. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lọ́jọ́ Ajé, mẹ́rin lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ń jò láti ìsàlẹ̀, nítorí náà má kún un dé ẹnu. Ìparí oṣù ló ń sanwó, kì í jiyàn ilà. Bí o bá bá a tó ń kọ̀wé, má pè é. Iṣẹ́ ló ń ṣe, da omi kí o fa ilà rẹ. Ìyá rẹ̀ wà ní Kaduna, ẹsẹ̀ ń dùn ún, béèrè ẹsẹ̀ náà.

Nínú gbogbo ojú ewé 21 tí mo kọ, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí mo mọ̀ tó báyẹn.

Mo wọlé lọ mú owó. Ilà mẹ́fà ló wà lára ògiri. Mo san án, bàbá rọ omi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó nu ilà náà títí ògiri fi mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù, tó dúró kó tó dé ẹnu. Ó jáde, ó béèrè ẹsẹ̀ màmá mi, ó wá èédú nínú àpò rẹ̀, ó fa ilà kan.